Àtùpà Méjìlá Tí Alága Kó Ti Faransé Bọ̀

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè ni. Òjò àná kò tíì gbẹ tán lórí àwọn páànù tó ti dípẹtà ní Bẹyẹrunkà, oòrùn sì ń yọjú, ó ń padà sẹ́yìn, bí ìyàwó tuntun tó gbúròó ìyá ọkọ. Sàláúdéènì oníṣẹ́ páànù jókòó sábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó ń jórin sí ìdí sítóòfù kan, nígbà tí ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò gbójú sókè. Ẹni tó ti fi òòlù jẹun fún ọgbọ̀n ọdún mọ ariwo yàtọ̀ sí iṣẹ́.

Ọkọ̀ náà dúró. Ọkùnrin kan kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì gbé fáìlì kan bo ojú ara rẹ̀ bí ẹni tí iná mọ̀nàmọ́ná fẹ́ fọ́ lójú. Ezekiel nìyẹn, akọ̀wé Alága. Lẹ́yìn náà ni Alága fúnra rẹ̀ jáde, Alhaji Misbaudeen, Alága Ìgbìmọ̀ Ìmọ́lẹ̀ àti Ẹwà Ìlú Àtijọ́. Agbádá ló wọ̀, ó wá fi ìborùn onírun kan wé ọrùn lórí agbádá náà, ooru sì ń mú. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ẹni tó gbé ìkòkò omi tó jò.

Ó ní, "Bọ́njúù."

Sàláúdéènì ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ẹ jẹ́ kí n dá yín dúró díẹ̀ kí ẹ lè mọ irú ẹni tó bọ́ sílẹ̀ yìí. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n rán Alága lọ sí Paris fún ọjọ́ márùn-ún, kí ó lọ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú iná ìgboro níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi sùn sábẹ́ kúbùsù nítorí òtútù. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó sá fún òtútù wọ ilé ìtajà kan, àtùpà ni wọ́n sì ń tà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ilé náà ń ṣe ni pé wọ́n ń tún àtùpà àwọn àgbà oníṣẹ́ ọnà Faransé ṣe, àtùpà tí wọ́n ti ṣe láti bí àádọ́rin ọdún, wọ́n á wá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ń ṣe, kí àgbà àti èwe jọ máa tan ìmọ́lẹ̀ nínú yàrá kan náà. Nǹkan dáadáa ni. Alága rí ọ̀kan tó dúdú, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní apá mẹ́ta, ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti lékèélékèé, orí rẹ̀ sì rí bí ìkarawun ìgbín. Wọ́n ní Lúsíẹ̀nì Faráà ló ṣe é, ó ti kú láti bí ogójì ọdún.

Alága ní òun fẹ́ méjìlá fún Ìbàdàn. Wọ́n ní kí ó fi orúkọ sílẹ̀, kí ó máa retí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan sì ti wà lórí ìlà. Ṣùgbọ́n Alága kì í tò sórí ìlà. Kí ó tó wọ bàálù padà wálé ló ti pe àwọn oníròyìn lórí fóònù pé àtùpà méjìlá ti wà lórí omi.

Ẹ má rò pé ó kó owó ìlú jẹ o. Kọ́bọ̀ kan kò wọ àpò rẹ̀. Àìsàn tirẹ̀ kì í ṣe ti àpò, ti orí ni. Ohun kan ṣoṣo ló wù ú láyé: kí wọ́n máa sọ níbi gbogbo láti Ọjà'ba dé Bẹ̀rẹ̀ pé Misbaudeen ti dé Faransé.

Nígbà tí ó padà dé ọ́fíìsì, ó pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí ara wọn ní "ẹ káàárọ̀" mọ́, "bọ́njúù" ni. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí wọ́n yọ gbogbo gílóòbù tó wà nínú ilé, kí ojú àwọn òṣìṣẹ́ lè sinmi de ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ìgbìmọ̀ Ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn. Akápò wọn fẹsẹ̀ kọ àga, ó ṣubú, ó rọ́ lọ́wọ́, Alága sì kọ̀wé ìyìn sí i pé ó fara dà fún ìlọsíwájú. Ezekiel ló bẹ̀rẹ̀ àṣà pé bí Alága bá ti wọlé, kí èèyàn gbé fáìlì bojú, nítorí ìtànṣán. Kí oṣù tó parí, gbogbo ọ́fíìsì ti ń bojú. Ẹni tí kò ní fáìlì fi abọ́ oúnjẹ bojú.

Ìṣòro kan ṣoṣo tó kù ni pé kò sí àtùpà kankan lórí omi, ọjọ́ tí ó dá fún àjọ̀dún títàn wọ́n sì ń bọ̀. Ohun tó gbé e wá sí Bẹyẹrunkà nìyẹn.

Ó fa ìwé àwòrán kan yọ lábẹ́ agbádá, ó ṣí i síwájú Sàláúdéènì. "O rí èyí? Ṣé o lè ṣe irú rẹ̀ méjìlá láàárín ogójì ọjọ́?"

Sàláúdéènì nu ọwọ́, ó wo àwòrán náà lọ, ó wò ó bọ̀. Ó fi ìka tọ ọrùn àtùpà náà lórí ìwé. "Ẹni tó ṣe èyí mọ páànù, sà. Ó lè ṣeé ṣe."

"Ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe. O rí àmì tó wà lára àtíbàbà rẹ yìí?"

Sàláúdéènì rí i. Ta ni kò ní rí i? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn òṣìṣẹ́ Ìgbìmọ̀ wá fi ọ̀dà pupa fa àmì ìwólulẹ̀ sára òpó rẹ̀, wọ́n ní ó ń ba ojú ọ̀nà jẹ́. Abẹ́ àtíbàbà yẹn ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ níṣẹ́, ibẹ̀ ni bàbá náà jókòó sí títí ó fi dákẹ́. Kò sun oorun tó dára láti ọjọ́ náà.

Alága ní, "Bí àtùpà méjìlá bá pé, àmì yẹn á kúrò. Bí kò bá pé, katakata á wá wó o. Ṣùgbọ́n etí ẹnikẹ́ni nínú Ìbàdàn yìí kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ pé ìwọ lo ṣe é. Láti Faransé ni wọ́n ti wá. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ojú Alága bọ́ sórí àtùpà kan tó so rọ̀ lókè wọn. Agolo tòmátì ni Sàláúdéènì fi ṣe é, ó fi ìṣó dálu sí i lára wínníwínní, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá tan iná sínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á ya bí ewé sára ògiri. Alága bú sẹ́rìn-ín. "Èyí ńkọ́?"

"Tèmi nìyẹn, sà. Mo ń fi dára yá ni."

"Agolo," ni Alága wí. Ezekiel náà ní, "Agolo, sà," ó sì rẹ́rìn-ín ju ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá Àṣàkẹ́ jáde láti inú ilé. Àbúrò bàbá Sàláúdéènì ni, òun ló dàgbà jù nínú agbo ilé náà báyìí. Etí rẹ̀ kò gbọ́ àdúrà ìmáàmù dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ òfófó tó lè kọjá rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ ọlọ́ṣẹ Misbaudeen ló wá yẹn? Kí ló fẹ́?"

Sàláúdéènì fi ìwé hàn án. Ìyá Àṣàkẹ́ ní, "Ó dára. Ẹni tó ṣe é ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó ti kú, Ìyá."

"Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

Sàláúdéènì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Nínú agbo ilé àwọn oníṣẹ́ páànù tiwọn, wọn kì í tún ọwọ́ òkú ṣe láìkí ọmọ rẹ̀. Bí oníṣẹ́ kan bá kú, tí ẹlòmíràn sì fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí òkú náà dá sílẹ̀, á kọ́kọ́ lọ bá àwọn ọmọ olóògbé, á kí wọn kú ọ̀fọ̀, á tọrọ àyè. Bí wọ́n bá ní kí ó ṣe é, á ṣe é. Bí wọ́n bá ní kí ó má ṣe é, á fi òòlù sílẹ̀. Sàláúdéènì rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń wá bá òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, tí wọ́n á kúnlẹ̀ nítorí ẹnu fánẹ́ẹ̀lì lásán.

Ó ní, "Ìyá, òyìnbó ni wọ́n. Faransé ni wọ́n wà."

"Òyìnbó kì í bímọ ni?"

"Alága ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn."

"Faransé ha wà ní Ìbàdàn?" Ìyá Àṣàkẹ́ sì wọlé lọ. Ó ti parí ẹjọ́.

Ọlọ́run ló ṣe é, sítóòfù tí Sàláúdéènì ń jórin sí lọ́jọ́ náà, ti Jemima ni, obìnrin Aládùúrà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní ilé ẹ̀kọ́ kan lápá Òkè Padre. Nígbà tí ó wá gbé sítóòfù rẹ̀, ó rí ìwé náà lórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Sàláúdéènì kò sọ ẹni tó gbé iṣẹ́ wá fún un. Ó kàn bi í léèrè bóyá àdírẹ́sì àwọn ọmọ ọkùnrin náà wà níbẹ̀.

Jemima ṣí ojú ewé ìkẹyìn. "Àdírẹ́sì ilé ìtajà ló wà níbí. Wọ́n á mọ àwọn ọmọ. Kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn, bọ̀dá?"

"Ẹ kọ ọ́ pé, ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá."

Jemima gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Bọ̀dá, ọkùnrin yìí ti kú láti bí ogójì ọdún."

"Ṣé mo ti kí wọn tẹ́lẹ̀ ni?"

Jemima tún tẹjú mọ́ fóònù. Ó kọ ọ́. Sàláúdéènì ń wí, òun ń yí i padà: "Ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi Sàláúdéènì, oníṣẹ́ páànù ní Bẹyẹrunkà, Ìbàdàn. Wọ́n ní kí n tún ọwọ́ bàbá yín ṣe, àtùpà ọlọ́rùn gígùn, méjìlá. Iṣẹ́ wọn dára. Mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé mo bi yín. Bí ẹ bá ní kí n má ṣe é, mi ò ní ṣe é, inú mi ò sì ní bàjẹ́ sí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé."

Jemima bi í pé, "Bí wọn ò bá wá dáhùn ńkọ́?"

Sàláúdéènì wo àmì pupa tó wà lára òpó.

Ọjọ́ márùn-ún kọjá, ọjọ́ mẹ́jọ kọjá, wọn kò dáhùn. Ó ra páànù, ó ra ọ̀pá, ó tò wọ́n jọ, ṣùgbọ́n àlùmọ́gàjí rẹ̀ kò kan ọ̀kankan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ezekiel yọjú wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó rí páànù tí wọn kò tíì gé, ojú rẹ̀ sì funfun.

"Bọ̀dá Sàláú, kí lẹ ń ṣe láti ọjọ́ yìí?"

"Mò ń wọn ọ́n."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án?"

"Ọrùn rẹ̀ gùn," ni Sàláúdéènì fèsì. Irọ́ kan ṣoṣo tó pa nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ó sì tọrọ àforíjì lórí rẹ̀ nídìí ìrun Àsárì lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Jemima sáré wọ Bẹyẹrunkà, bàtà rẹ̀ kan wà lọ́wọ́. Wọ́n ti dáhùn. Ọmọ olóògbé ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Odílì, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé mẹ́ta. Ó ní kí Sàláúdéènì ṣe é. Ó ní ó ṣeun. Ó ní ọjọ́ wo ni wọ́n máa tan àwọn àtùpà náà?

Jemima ti kà nípa àtùpà Faransé méjìlá nínú ìwé ìròyìn, ó sì ti mọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà; ó kọ ọjọ́ àti orúkọ Ìgbìmọ̀ tó máa tàn wọ́n ránṣẹ́ sí Odílì. Ní tirẹ̀, Sàláúdéènì ti gbé àlùmọ́gàjí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí oníṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ rí ló máa mọ bí ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó tẹ̀lé e ṣe rí. Ó gé, ó tẹ̀, ó lù, ó kùn ún. Nígbà tí wọ́n fi máa pé méjìlá, Ìyá Àṣàkẹ́ jáde wá wò wọ́n, ó ní wọ́n jọ lékèélékèé tó ń wá màlúù. Oríyìn ńlá nìyẹn lẹ́nu Ìyá Àṣàkẹ́.

Láàárín àkókò yẹn, ìwé kan dé ọ́fíìsì Alága, láti Faransé. Ezekiel ló kà á nínú òkùnkùn pẹ̀lú iná fóònù. Odílì ló kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ní òun ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ àjọ̀dún náà láti wá kí ẹni tó tún ọwọ́ bàbá òun ṣe.

Alága dìde, ó tún jókòó. "Ezekiel, ta ló tún ọwọ́ bàbá rẹ̀ ṣe?"

Ezekiel gbé fáìlì bojú. "Ẹ̀yin ni, sà. Òkìkí yín ti ré òkun kọjá."

"Mo ti mọ̀," ni Alága wí. "Nígbà tí mo wà ní Paris, mo rí i pé wọ́n ń wò mí."

Wọ́n ń wò ó lóòótọ́. Kúbùsù òtẹ́ẹ̀lì ló wé jáde.

Ó ránṣẹ́ pe Kọmíṣọ́nnà. Ó ránṣẹ́ pe àwọn oníròyìn. Ó yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje láti jókòó lórí ibi tí àtùpà máa kọjú sí. Mẹ́ta ní Bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní Ọjà'ba, ẹnì kan ní kí ó kọjú sí ilé Alága, ti ẹni yẹn ló sì borí. Ní ti ẹni tó máa túmọ̀ èdè, Alága ní kò nílò ẹnikẹ́ni, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ Faransé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Ó wá ránṣẹ́ sí Sàláúdéènì pé kí ó wà nítòsí lọ́jọ́ náà, bóyá ìdè kan lè tú. Ṣùgbọ́n kí ó wọ aṣọ àwọn agbálẹ̀, kí ó mú ìgbálẹ̀ dání, kí ó sì dúró lẹ́yìn kánópì.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ti ri àtùpà méjìlá mọ́ ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn Mápó, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, iná oòrùn ló sì máa tàn wọ́n. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Alága tẹ súwíìsì. Oòrùn ń ràn gan-an nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá iná náà tàn tàbí kò tàn, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ Ìgbìmọ̀ gbé fáìlì bojú lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́.

Alága di makirofóònù mú. "Ẹ̀yin èèyàn Ìbàdàn, ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú òkùnkùn kí wọ́n tó bí mi! Ọgbọ̀n ọjọ́ ni àwọn àtùpà yìí fi wà lórí òkun. Ìjì jà. Ọ̀gá ọkọ̀ sunkún. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, Alága, ṣé kí n da ẹrù sómi? Mo ní, da ara rẹ sómi, àtùpà mi gbọ́dọ̀ dé Mápó!"

Lẹ́yìn kánópì, Sàláúdéènì gbára lé ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ó ń wo ìyá àgbàlagbà òyìnbó tó jókòó níwájú, irun rẹ̀ funfun, tó sì ń wo àwọn àtùpà náà láìmira. Ẹ̀rù ń bà á. Bí ìyá yìí bá dákẹ́, àtíbàbà dúró. Bí ó bá sọ̀rọ̀, Ọlọ́run ló mọ̀.

Odílì dìde. Ó sọ gbólóhùn kan ní èdè rẹ̀.

Alága túmọ̀: "Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò rí ọkùnrin tó lọ́gbọ́n tó Alága yìí rí, òun sì ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin, pàápàá àwọn olóṣèlú Faransé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tó ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Odílì tún sọ̀rọ̀, ó pẹ́ díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó fọwọ́ kan àyà, ó sì na ọwọ́ sí àwọn àtùpà.

"Ó ní ẹ ṣeun," ni Alága wí.

Ìyá náà wo yí ká. Ó wá dárúkọ kan ketekete, ó dá a pè lẹ́ẹ̀mejì: "Sàláúdéènì."

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ń kí àwọn Mùsùlùmí."

Obìnrin kan dìde láàárín èrò. "Ẹ má bínú, sà. Olùkọ́ èdè Faransé ni mí. Kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn." Jemima ni.

Kọmíṣọ́nnà, tí kò tíì sọ ohunkóhun láti àárọ̀ àfi pé ó ń mu omi, ní kí ó bọ́ síwájú. Jemima gba makirofóònù, ó bá Odílì sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì kọjú sí èrò.

"Ó ní òun wá kí Sàláúdéènì, oníṣẹ́ páànù Bẹyẹrunkà, ẹni tó ṣe àwọn àtùpà yìí. Ó ní àwọn tó ń tún iṣẹ́ bàbá òun ṣe ní Paris, lọ́yà ni wọ́n rán sí òun. Lọ́yà náà ṣe dáadáa, ó mú ìwé wá, òun sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kí òun kú ọ̀fọ̀. Ó ní èèyàn kan ṣoṣo ló kí òun, tó sì ní bí òun bá ní kí ó má ṣe é, kò ní ṣe é. Ó ní òun sunkún nígbà tí òun kà á, òun kò sì tíì sunkún bàbá òun láti ọjọ́ tí wọ́n sin ín."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Kọmíṣọ́nnà gbé omi rẹ̀ sílẹ̀. "Alága, ọkọ̀ ojú omi wo ló kó àwọn àtùpà yìí wá?"

Alága gbé àyà sókè. Ẹ ò rí i bí ọgbọ́n ṣe ń wá ẹnu ọ̀nà lójú rẹ̀. "Ẹ̀mí wọn, Ọ̀gá mi, ẹ̀mí wọn ló gba orí òkun wá. Ara wọn ló gba Bẹyẹrunkà kọjá."

Ohùn àgbàlagbà kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. "Misbaudeen, ìjì wo ló jà ní Bẹyẹrunkà?"

Ìyá Àṣàkẹ́ ni. Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé Pópó Yemọja. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n bá òun bi ọ̀gá ọkọ̀ bóyá ó ti délé. Alága wo Ezekiel kí ó gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n Ezekiel ti yíra padà díẹ̀díẹ̀, ó ti kọjú sí Kọmíṣọ́nnà, ó sì ti gbé fáìlì bojú sí ìhà ibẹ̀.

"Sàláúdéènì yìí dà?" ni Kọmíṣọ́nnà bèèrè.

Ó jáde láti ẹ̀yìn kánópì tòun ti ìgbálẹ̀.

"Kí lò ń ṣe lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n ní kí n máa gbálẹ̀, sà."

Ẹ̀rín tún ṣẹ́. Kọmíṣọ́nnà kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo ṣe àtùpà wọ̀nyí? Sọ òótọ́."

Sàláúdéènì wo Alága. Ojú Alága ti yí padà pátápátá, ó ti di ojú ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìṣasùn ọbẹ̀. Ó ń bẹ̀bẹ̀ láìlanu. Sàláúdéènì ronú kan àtíbàbà bàbá rẹ̀. Ó wá yíjú sí ìyá onírun funfun náà.

"Bàbá wọn ló ṣe é, sà. Èmi kàn tún ọwọ́ wọn ṣe ni. Wọ́n sì fún mi láyè."

Nígbà tí Jemima túmọ̀ èyí, Odílì rìn wá bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ọwọ́ tó lè bíi pátákó. Ó sọ nǹkan kan. Jemima ní, "Ó ní níbi tí wọ́n ti ń tún iṣẹ́ bàbá òun ṣe, wọn kì í gbé iṣẹ́ àgbà kalẹ̀ lóun nìkan, iṣẹ́ ẹni tó wà láàyè gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tiyín dà?"

Sàláúdéènì wo ilẹ̀. "Agolo lásán ni, mà."

"Lọ mú un wá," ni Kọmíṣọ́nnà wí.

Kí oòrùn tó wọ̀, àtùpà agolo náà ti so rọ̀ sí àárín àwọn méjìlá. Nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀, tí ojú sì lè rí iná wàyí, ìmọ́lẹ̀ ọlọ́rùn gígùn bọ́ sílẹ̀ gọọrọ, ti agolo sì ya ewé sára òpó Mápó. Odílì jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó. Ìyá Àṣàkẹ́ gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ wá fi tìnà tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà nu àmì pupa kúrò lára òpó àtíbàbà. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, wọ́n gba ọ́fíìsì àti ọkọ̀ lọ́wọ́ Alága, wọ́n sì fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ mìíràn tó ń rí sí àwọn ewúrẹ́ tó ń ṣáko ní ìgboro. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá àwọn ewúrẹ́ náà sọ gba wákàtí kan ààbọ̀. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè búra. Ní ọ́fíìsì àtijọ́ rẹ̀, wọ́n ti dá gílóòbù padà, wọ́n sì ti ń kí ara wọn ní ẹ káàárọ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ Sátidé, Alhaji Misbaudeen fẹsẹ̀ rìn wọ Bẹyẹrunkà. Kò sí fèrè, kò sí Ezekiel. Búbá àti ṣòkòtò ló wọ̀, ó gbé nǹkan kan dání nínú ọ̀rá dúdú. Obìnrin mẹ́ta ti jókòó sórí pákó gígùn tó wà lẹ́nu àtíbàbà, oníkálukú gbé tirẹ̀ dání: sítóòfù, fánẹ́ẹ̀lì, kẹ́tùrù tó jò.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ó wí.

Sàláúdéènì gbójú sókè, ó fi òòlù sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Alhaji. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Alhaji tú ọ̀rá náà. Àtùpà kékeré ni, ojúlówó láti Paris, ọ̀kan ṣoṣo tó bá nílẹ̀ nínú ilé ìtajà náà, tó rà fún yàrá ara rẹ̀. Apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́.

"Ewúrẹ́ ló wọlé," ni ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, Sàláúdéènì. Ṣé o lè bá mi jórin sí i?"

Sàláúdéènì gbà á, ó yí i wò, ó fi ìka tọ ojú ibi tó ti ṣẹ́. "Á ṣeé ṣe, sà. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wọ̀nyí ló ṣáájú yín."

Alhaji wo ọ̀nà tó gbà wá. Ó wo àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó gbé kẹ́tùrù dání sún díẹ̀ fún un lórí pákó náà. Ó jókòó.